Lẹ́tà Aláìlámì Tó Gbé Mi Dé Yábà

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú mi lọ, tó tún mú mi bọ̀, tí n kò fi ẹsẹ̀ kọ. Mo dúpẹ́ fún ojú tí mo fi rí ohun tí mo rí, mo sì dúpẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún etí, nítorí etí ni mo fi mọ̀ pé mo ti ṣìnà. Mo dúpẹ́ fún àwọn tó kọ́ mi ní A, B, D nílé ìwé ìjọ wa nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń pọn omi. Bí wọn kò bá kọ́ mi, n kì bá tí lè ka lẹ́tà náà, ìrìn-àjò yìí kì bá sì tí wáyé.

Ẹ̀yin ará ìjọ, gbogbo yín lẹ gbọ́ pé mo lọ sí Èkó. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín kò gbọ́ délẹ̀ ni ìdí rẹ̀. Ẹ ti sọ ọ́ lóríṣiríṣi lójú odò àti lẹ́yìn ìsìn. Ó yẹ kí èmi tí mo lọ sọ ọ́ fúnra mi.

*

Ìbíwùmí, ọmọbìnrin àbúrò mi ọkùnrin, ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń ka Sáàmù kẹtàlélógún láìwo ìwé nígbà tó ṣì wà ní kíláàsì kejì. Ìjọ yìí ló gbàdúrà fún un lọ́jọ́ tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ní Yábà. Jóṣúà tíṣà ni ó fẹ́ fẹ́ ẹ, a sì ti kéde ìgbéyàwó wọn lẹ́ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹta tí òfin ìjọ sọ, nígbà tí lẹ́tà rẹ̀ dé.

Àbúrò mi kò mọ̀wé kà, èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà fún un. Lọ́jọ́ náà Bàbá Ìjọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n jọ ń mu ògì gbígbóná. Ìbíwùmí kò fọwọ́ kọ lẹ́tà náà bó ti máa ń ṣe. Taipúráítà ọ́fíìsì ló fi tẹ̀ ẹ́ kí a lè rí i pé òun ti mọ̀ ọ́n tẹ̀. Taipúráítà òyìnbó ni, tí kò lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀, tí kò sì lè fi nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀. Ibi tó da gbogbo nǹkan rú nìyí, bó ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an:

Mo n fi eje mi bo efon lojoojumo. Won feran eje mi ju ti awon yooku lo. Inu oga mi dun si mi pupo.

Mo kà á sókè, ohùn mi sì já gaara: «Mo ń fi ẹ̀jẹ̀ mi bọ ẹfọ̀n lójoojúmọ́. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀jẹ̀ mi ju ti àwọn yòókù lọ.»

Àbúrò mi ní kí n tún un kà. Mo tún un kà bákan náà.

Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ìyá tó bí bàbá wa àgbà ni ẹni tó gbé ìwo ẹfọ̀n kalẹ̀ kẹ́yìn nílé wa, ìwo méjì tí wọ́n fi ń bọ Ọya. Ó kó wọn fún àlùfáà kó tó ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì jó wọn. Bàbá Ìjọ gbé ife ògì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, «Ohun tí a jó ti hù.»

Àwọn àgbà ìjọ jókòó lọ́la rẹ̀. Wọ́n ní kí ìkéde kejì dúró ná. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òótọ́, wọn yóò pa orúkọ Ìbíwùmí rẹ́ kúrò nínú ìwé ìjọ, kò sì sí Jóṣúà tí yóò fẹ́ ẹ níwájú pẹpẹ yìí. Èmi tí mo ka lẹ́tà ni wọ́n rán.

Bàbá Ìjọ sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, «Má béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ o, Ìyá Sámú. Ẹni tó ń bọ nǹkan kì í jẹ́wọ́. Ojú ni kí o fi rí i.»

*

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dá yín dúró. Ibi àkọ́kọ́ tí mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ní Èkó, Ojúẹlẹ́gbà lorúkọ rẹ̀. Mo bi ọkùnrin tó gbé ẹrù mi sọ̀kalẹ̀ pé Ẹlẹ́gbà wo.

Ó ní, «Èṣù ni, Màmá. Ojúbọ rẹ̀ wà níbí látijọ́. Ẹ má bẹ̀rù, kò ráyè yín. Ariwo ibí kì í jẹ́ kó sùn.»

Òun ló rẹ́rìn-ín, èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo wò ó pé ọmọ tí a fi sílẹ̀ ní ìlú tó ń fi ojúbọ júwe ọ̀nà fún àlejò, kí ni a rò pé yóò dà? Ọdún kejì nìyẹn lẹ́yìn tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún, ọrùn mi kò sì tíì mọ apá tó yẹ kó kọ́kọ́ yí sí. Mo di Bíbélì mi mú sábẹ́ apá, lẹ́tà náà wà nínú rẹ̀, mo sì dúró títí obìnrin kan tó ń ta ọsàn fi fà mí lọ́wọ́ kọjá títì. N kò tíì dúpẹ́ tán tó ti padà.

Bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀ nìyẹn pẹ̀lú. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé, a ó bi í léèrè ilé, a ó bi í léèrè ọmọ, a ó bi í léèrè òjò. Níbẹ̀, «Ẹ kú ìrìn, Mà» ni, ẹni tó kí ọ ti kọjá kí o tó dáhùn. Kí n tó dé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, mo ti dáhùn kíkí mẹ́rin fún ẹ̀yìn ènìyàn.

Ilé Alàájà Sàlámọ́tù ni mo dé sí, opó ìbátan wa tó kú sí Èkó. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ìbíwùmí ń gbé. Ọmọ Múṣín ni Alàájà, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀ pàápàá, abọ́ tánganran ló ń tà ní Sábó. Ẹnu rẹ̀ yá ju ẹsẹ̀ ará Ojúẹlẹ́gbà lọ. Ó gbé oúnjẹ wá fún mi, ẹ̀wà tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀ gbẹ̀dẹ̀, tí wọ́n da ata dúdú kan lé lórí, dúdú bí ọ̀dà. Mo bi í pé kí ló dé tí ata náà fi dúdú.

«Ẹ̀wà Àgànyìn nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n dín ata náà pẹ́ ni.»

Mo di ojú, mo gbàdúrà lórí rẹ̀, mo sì fẹ̀sọ̀ gbà á. Nígbà tí mo ṣe Àmín, ó ṣì ń wò mí.

Ó ní, «Ẹ̀gbọ́n, àdúrà yín ti jẹ́ kó tutù. Èmi náà ti ṣe Bìsìmílà sí i kí n tó gbé e wá. Májèlé wo ló kù níbẹ̀ tí kò tíì sá?»

Mo jẹ ẹ́. N kò ní purọ́ nínú ìwé ìròyìn ìjọ: ó dùn, mo sì ní kó bù sí i.

Nígbà tí mo jẹun tán, mo dá ọ̀rọ̀ Ìbíwùmí sílẹ̀ bí ẹni tí kò ní nǹkan lọ́kàn. Mo ní ṣé ọmọ náà ń ṣe dáadáa.

«Ọmọ gidi ni. Ó ń gbálẹ̀, ó ń kírun yín, ṣé àdúrà ni mo fẹ́ sọ. Ohun kan ló ń ṣe mí ní kàyéfì. Kì í wọ aṣọ alápá kúkúrú mọ́. Mo bi í, ó ní òtútù ń mú òun. Òtútù, Ẹ̀gbọ́n, nínú ilé tí mo ti ń fi ìdérí abọ́ fẹ́ ara mi.»

*

Ìbíwùmí dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó dì mọ́ mi, ó bi mí léèrè bàbá rẹ̀, ó bi mí léèrè Jóṣúà, ojú rẹ̀ sì ń dán. Mo dáhùn pé àlàáfíà ni. Ibi tó ti ń na ọwọ́ gba àpò mi ni apá aṣọ rẹ̀ ti fà sókè.

Àpá wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ kún ọwọ́ náà láti ọrùn ọwọ́ dé ìgunpá. Ó tètè fa apá aṣọ náà wálẹ̀.

Gbẹ́rẹ́, mo wí nínú mi. Òótọ́ ni pé gbẹ́rẹ́ máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ, àwọn wọ̀nyí kò tò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fẹ́ rí nǹkan kì í bá àpá jiyàn. Mo ní wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń sín in padà ní Èkó ni.

Mo sọ fún un pé mo fẹ́ rí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Ó ní, «Inú mi á dùn, Màmá. Ọ̀la, a ó jọ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ni wọ́n máa ń jẹun, ẹ ó ní láti dúró díẹ̀.»

«Àwọn wo ló ń jẹun?»

«Ẹ ó rí wọn,» ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

*

Ilé ìwé náà wà létí ọ̀sà, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ń rùn bí ẹja àti bí ọ̀dà. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo wọn ni ìwádìí. Lọ́dọ̀ wa, ọlọ́pàá ló ń ṣe ìwádìí, bí wọ́n bá sì dé, a máa ń ti ilẹ̀kùn. Níbẹ̀, ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣí sílẹ̀ láti ṣe é. Ìbíwùmí ń fọwọ́ júwe bí a ti ń lọ: ẹni yìí ń wádìí bí ọ̀sà ṣe ń jẹ ilẹ̀, ẹni tọ̀hún ń wádìí orin àwọn apẹja, arúgbó tó gbé ìwé yẹn lọ́wọ́, kòkòrò inú ẹ̀wà ló ń wádìí.

Mo bi í pé ọjọ́ mélòó ni yóò fi wádìí kòkòrò ẹ̀wà.

«Ọdún kẹrin rẹ̀ nìyí, Màmá.»

Ìyá mi yóò ti ṣà wọ́n kúrò lórí àtẹ kí omi tó hó. Mo ń ronú pé ẹni tó lè fi ọdún mẹ́rin wo kòkòrò ẹ̀wà, ó ní ohun mìíràn tó ń wò.

Ìbíwùmí ní òun fẹ́ fi mí hàn fún ẹnì kan. Mo ka orúkọ tó wà lára ilẹ̀kùn, mo dúró gbagidi. Dókítà D. Èṣùbíyìí.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọjú. «Ẹ wọlé, Màmá. Orúkọ bàbá bàbá mi nìyẹn. Èmi, Dáníẹ́lì ni.»

Mo wọlé, mo sì jókòó sétí àga. Mo bi í pé kí ni ó ń wádìí.

«Ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́.»

«Ẹ kò tíì gbọ́ nípa òfin mẹ́wàá ni?»

«Mo gbọ́ o, Màmá. Ṣùgbọ́n mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kò sọ fún mi ohun tí ó yẹ kí a ṣe bí a bá fẹ́ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn láti fi ṣe ìwádìí.»

Mo ní, «Ẹ̀jẹ̀ ta ni?»

«Ẹnikẹ́ni tó bá gbà. Gbà kan wà fún ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀, pé ó yọ̀ǹda rẹ̀, gbà kan wà fún ẹni tó fẹ́ ẹ, pé ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ mi kò ju kí ti àkọ́kọ́ ṣáájú.»

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ṣàlàyé iye iyọ̀. Ẹni tó ń jẹ́ Èṣùbíyìí ń bá mi sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, ọmọ àbúrò mi jókòó, kò ta gìrì. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ìbéèrè kan.

«Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tiyín náà, Màmá. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ òtítọ́ nípa ẹlòmíràn, ṣé ó tọ́ kó máa ṣọ́ ọ láìjẹ́ kó mọ̀?»

Mo wo Ìbíwùmí, ojú fèrèsé ló ń wò. Mo wí nínú mi pé wọ́n ti mọ ohun tí mo bá wá. Mo wá dáhùn pé, «Ó kù sí ọwọ́ ohun tí onítọ̀hún ń ṣe ní kọ̀rọ̀.»

«Ẹ ṣeun,» ó wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. N kò fẹ́ràn pé ó kọ ọ́ sílẹ̀.

*

Ọ̀sán kò tíì pé, Ìbíwùmí sì mú mi gun àtẹ̀gùn lọ sí òkè ilé kan. Wáyà ni wọ́n ta kiri níbẹ̀ bí okùn ìsáṣọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ Ìbò tó padà dé lẹ́yìn ogun, ló ń mójú tó wọn. Yorùbá Èkó ló ń sọ, ó sì yá ju tèmi lọ. Ó ní òfuurufú ni òun ń wádìí, lókè lọ́hùn-ún, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ẹ̀ tán.

Mo ní, «Àwọn kan gbìyànjú rẹ̀ rí ní Bábélì.»

«Àwọn yẹn kọ́lé ni, Mà. Àwa ò kọ́lé o. À ń tẹ́tí ni.»

Ó fi nǹkan bò mí létí, ó sì yí téèpù kan. Mo kọ́kọ́ gbọ́ híhó bí ẹni ń dín ẹran. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn kan tó ti òkè já wá sílẹ̀, tìùn, lẹ́yìn náà òmíràn, tìùn. Ó ní ìró mànàmáná ni, tó kọ lórí òkun jíjìn níbi tí a kò lè rí i. Ó ní òfuurufú ní òrùlé kan tí ojú kò rí, ìró náà ń ta lu òrùlé, ó ń ta lu ilẹ̀, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, n kò sì sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló wá sí mi lọ́kàn. Tíṣà wa àtijọ́ ni mo rántí, tó máa ń fi rúlà lu tábìlì fún wa: dò, re, mí. Mo sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní mí, ó parí sí dò.

Ó wò mí bí ẹni rí owó he. «Gbogbo iṣẹ́ náà nìyẹn, Mà. Bí ẹ bá mọ ibi tí ohùn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó já sí, ẹ ó mọ bí òrùlé náà ti ga tó. Ẹni tí kò bá gbọ́ ohùn, ariwo lásán ló gbọ́.»

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di òní n kò tíì gba ọ̀rọ̀ òrùlé náà gbọ́ tán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó sọ bá mi sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn.

*

Yàrá tí Ìbíwùmí ti ń ṣiṣẹ́ gbóná, ó sì lọ́rinrin bí etí odò. Mo ti múra. Mo retí ìwo. Mo retí epo, mo retí aṣọ pupa nídìí nǹkan. Àpótí mẹ́fà tí wọ́n fi àwọ̀n bò ni mo rí lórí tábìlì, obìnrin onígíláàsì ojú kan tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ sì ń kọ nǹkan sínú ìwé. Ó kí mi dáadáa, ó tilẹ̀ kúnlẹ̀ díẹ̀. Inú yàrá náà ń hùn, hùn-ùn, kò sì sẹ́ni tó ń kọrin.

Ìbíwùmí ká apá aṣọ rẹ̀ sókè níwájú mi láìbo nǹkan kan. Ó fi omi lásán ṣan ọwọ́, ó nù ún, ó sì tì í bọ inú àpótí kan títí dé ìgunpá. Ohun dúdú wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bà lé ọwọ́ náà.

«Ẹ wá wò wọ́n, Màmá. Ebi ti ń pa wọ́n láti àárọ̀.»

Mo ní, «Kí lò ń ṣe fún wọn?»

«Mò ń bọ́ wọn.»

Bọ́. Ohùn òkè ni. Mí.

Mo ní kó tún un sọ, gbogbo rẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

«Mò ń fi ẹ̀jẹ̀ mi bọ́ ẹ̀fọn. Ṣebí mo kọ ọ́ sí yín nínú lẹ́tà.»

Mo wá àga, mo jókòó. Ẹ̀fọn: dò, re. Èmi ti kà á ní re, dò, mo sì ti sọ kòkòrò di ẹran igbó. Bọ́ tí ìyá ń bọ́ ọmọ, mo ti já ohùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, mo sì ti sọ ọmọ náà di abọ̀rìṣà. Ohùn méjì péré. Èmi tí wọ́n kọ́ ní dò, re, mí.

Mo yọ lẹ́tà náà nínú Bíbélì, mo kà á fún un bí mo ṣe kà á nílé. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

«Ẹfọ̀n? Ẹfọ̀n oníwo? Màmá, ibo ni mo fẹ́ so ó mọ́ ní Yábà?» Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà tán. «Níwájú ta lẹ kà á?»

Mo sọ fún un. Mo sọ ti Bàbá Ìjọ, mo sọ ti ìkéde tó dúró, mo sọ ti orúkọ rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́.

«Jóṣúà gbọ́?»

«Ó gbọ́.»

Ó ní, «Lẹ́tà rẹ̀ kò wá mọ́. Mo rò pé ìdánwò àwọn ọmọ ilé ìwé ló gbà á láyè.»

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọwọ́ kan wà nínú àpótí, kò lè fà á yọ nítorí wọn kò tíì yó, èkejì ló fi di àpótí mú. Èmi ni mo fi ìborùn mi nu ojú rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ pé kó dárí jì mí, mo sì sọ ọ́ níwájú ọ̀gá rẹ̀.

Mo bi í pé kí ló wá dé tó ń fi apá aṣọ bo ọwọ́.

«Nítorí Alàájà ni. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń fín oògùn ẹ̀fọn sí yàrá. Bó bá gbọ́ pé mò ń bọ́ wọn, ṣé ẹ rò pé á jẹ́ kí n sùn nílé rẹ̀?»

Ọ̀gá rẹ̀ ló ṣàlàyé ìyókù fún mi. Oògùn tí yóò pa ẹ̀fọn láìpa ènìyàn ni wọ́n ń wá. Wọ́n gbọ́dọ̀ ní ẹ̀fọn tó yè dáadáa tí wọ́n fi dán an wò, abo rẹ̀ kì í sì í yé ẹyin láìmu ẹ̀jẹ̀. Inú omi níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́ wọn, wọn kò bu aláìsàn jẹ rí. Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ mọ̀ pé mo sin ọmọ kan nítorí ibà. Mo wo ọwọ́ ọmọ náà tó kún fún àpá, n kò sì rí gbẹ́rẹ́ kankan níbẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n mo mọ Bàbá Ìjọ. Ó ní ojú ni kí n fi rí i, mo sì mọ̀ pé bí mo bá dé, yóò ní wọ́n ti fi nǹkan bò mí lójú. Mo ká apá bùbá mi sókè.

Ọ̀gá náà ní, «Rárá, Màmá. Ẹ kò tíì gbà.»

«Mo ní mo gbà.»

«Ẹ kò tíì gbà bó ṣe yẹ.»

Ó ránṣẹ́ sí Dókítà Èṣùbíyìí. Ó wá tòun ti ìwé kan, ó kà á fún mi ní Yorùbá lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n sọ ọ́ padà fún òun bí mo ṣe gbọ́ ọ. Mo bi í pé kí ni ti àtúnsọ. Ó ní, «Kì í ṣe ohun tí mo kà ló ṣe pàtàkì, Màmá. Ohun tí ẹ gbọ́ ni.» Mo fẹ́ kí ilẹ̀ là kí n wọlé. Mo sọ fún un pé ìdáhùn tí mo fún un láàárọ̀ kò dára. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, òun ó fi èyí tẹ̀ lé e nínú ìwé òun.

Mo fọwọ́ sí i, mo sì fi àmì sórí gbogbo lẹ́tà orúkọ mi tó yẹ kó ní àmì. Lẹ́yìn náà ni mo ti ọwọ́ bọ inú àpótí. Mo ka Sáàmù kẹtàlélógún nínú ọkàn. N kò tíì dé ibi àfonífojì tí wọ́n ti ń jẹun.

*

Nígbà tí mo dé ilé, àwọn àgbà pé jọ sínú yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ. Mo ròyìn bí mo ṣe ròyìn fún yín yìí. Bàbá Ìjọ kò tètè gbà. Ó ní báwo ni a ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀fọn ni wọ́n fi bo ẹfọ̀n mọ́lẹ̀.

Mo tẹ́ lẹ́tà náà sórí tábìlì. Mo mú kálàmù, mo fi àmì sí i lójú wọn, lókè àti nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, mo sì ń pè é bí mo ṣe ń fi í sí i. Nígbà tí mo dé orí bọ́, mo tẹ kálàmù náà mọ́lẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo ká apá aṣọ mi.

Mo ní, «Ibi tí wọ́n ti jẹ mí kò tíì san tán. Bí ẹ bá fẹ́ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, ẹ kọ́kọ́ pa tèmi rẹ́. Kì í ṣe bó ṣe kọ ọ́ ló burú. Bí mo ṣe kà á ni.»

Jóṣúà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó pè é. Òun nìkan ló béèrè ohun tó yẹ kí gbogbo wa béèrè.

Ó ní, «Ṣé ó ń yún un púpọ̀, Mà?»

Mo ní ó ń yún un. Ó ní òun ń lọ kọ̀wé sí i.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni a ṣe ìkéde kejì. Ẹ wà níbẹ̀. Àlùfáà bi wá pé bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ so àwọn méjèèjì pọ̀, kó sọ ọ́. Nígbà náà ni a gbọ́ tí nǹkan dún pá ní ìjókòó iwájú. Bàbá Ìjọ ti gbá ẹ̀fọn kan mọ́ ọrùn ara rẹ̀. Ó wo ẹ̀jẹ̀ tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó yíjú wò mí, ó sì rọra nù ún mọ́ etí agbádá rẹ̀. Àlùfáà kọjá sí orin.

Ìwọ tí o ka èyí dé ìparí, kí Olúwa bùkún ilé rẹ àti ọ̀nà rẹ. Kí ibà má gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ. Níbikíbi tí wọ́n bá ti pe orúkọ rẹ lẹ́yìn rẹ, kí ẹni tó pè é pè é ní ohùn tó tọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣì ọ́ kà. Àmín.